Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ ọjọ́ orí ẹ̀jẹ̀ wọn

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ń ṣe. Mo ti wo sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ títí débi pé bí mo bá dijú lálẹ́, àwọn ni mo ń rí. Ẹni tó bá sì ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín ẹbí, òun ni gbogbo ẹbí á máa da ìbéèrè bò. Nígbà kan, ìbéèrè ìwọ̀n ṣúgà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ní báyìí, tẹ́lómíà, ìyẹn ìparí DNA inú sẹ́ẹ̀lì wa, ló gbòde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé e dé. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n sì máa ń rìn kánmọ́kánmọ́ láràárọ̀ bíi pé ẹnìkan ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n rí ìpolówó kan lórí fóònù wọn: kí èèyàn fi ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ náà á wọn tẹ́lómíà rẹ̀, á sì sọ ọjọ́ orí tí ara rẹ̀ jẹ́ gan-an fún un, yálà ó dàgbà ju ọdún tí wọ́n bí i lọ tàbí ó kéré sí i.

"Ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣé òótọ́ ni pé bí mo ṣe ń rìn yìí, ẹ̀jẹ̀ mi ń padà di ọmọdé?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín." Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n gbọ́, àmọ́ òótọ́ náà kò rí bí ìpolówó ṣe gbé e kalẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ oríṣi sẹ́ẹ̀lì ara wa, krómósómù 46 ló wà níbẹ̀, orí wọn sì ni DNA tí a jogún lọ́dọ̀ òbí wa wà. Krómósómù kọ̀ọ̀kan ní ìparí méjì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 92. Àwọn ìparí yìí ni tẹ́lómíà wà. Kò sí ìtọ́ni kankan níbẹ̀ nípa bí ara ṣe máa ṣe purotéènì. Lẹ́tà mẹ́fà kan náà, TTAGGG (lẹ́tà la fi ń pe àwọn nǹkan kéékèèké tó so pọ̀ di DNA), ló kàn ń tún ara rẹ̀ kọ lọ bẹẹrẹ. Ohun tó wúlò fún ni pé ó ń dáàbò bo ìparí DNA, kí sẹ́ẹ̀lì má baà rò pé DNA ti já níbẹ̀, kó wá sáré lẹ ìparí kan mọ́ òmíràn. Barbara McClintock rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí krómósómù àgbàdo tó bá já, bí ojú ibi tó já ṣe ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Hermann Muller, tó fi ìtànṣán X ṣiṣẹ́ lórí eṣinṣin, ló fún ìparí náà lórúkọ ní 1938.

Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí ohun tó ń ṣe ẹ̀dà náà kì í lè débi tó parí sí pátápátá. Ará Rọ́ṣíà kan, Alexey Olovnikov, ló ro èyí já. Ó ní òun dúró ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Moscow, òun ń gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń bọ̀, ló bá sọ sí òun lọ́kàn pé, ká ní ọkọ̀ yìí ló ń ṣe ẹ̀dà, kí irin tó ń gbà sì jẹ́ DNA, irin tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ jókòó lé lórí kò ní rí ẹni ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni James Watson náà kọ̀wé nípa ìṣòro kan náà. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín, tẹ́lómíà á kúrú díẹ̀ sí i.

Ṣáájú àwọn méjèèjì, ní 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead ní Philadelphia ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí wọ́n ń tọ́ nínú àwo kì í pín títí láé. Bó bá ti pín ní nǹkan bí ìgbà 50, á dáwọ́ dúró. Kì í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Á kàn wà níbẹ̀, kò ní pín mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò fẹ́ gbọ́, nítorí láti 1912 ni Alexis Carrel ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ọkàn òròmọdìyẹ ní New York, tí wọ́n ń sọ pé kò ní kú láé, Carrel sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún yẹn gan-an. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ Hayflick ni ti òtútù. Ó gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti pín dé ìwọ̀n kan sínú òtútù líle, nígbà tó sì yọ wọ́n jáde, ibi tí wọ́n bá ìṣirò dé ni wọ́n ti tẹ̀ síwájú. Ohun kan wà nínú wọn tó ń ka iye. Ó di 1990 kí Calvin Harley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi hàn pé tẹ́lómíà irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń kúrú bí ó ṣe ń pín lọ.

Ara sì ní ohun tó fi ń mú tẹ́lómíà gùn padà. Elizabeth Blackburn ń wádìí ohun abẹ̀mí tín-ín-tín kan tó ń gbé inú omi adágún, Tetrahymena lorúkọ rẹ̀, torí pé krómósómù kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀ yamùrá, ìparí sì pọ̀ níbẹ̀ láti wò. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 1984, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Carol Greider, wọ láàbù lọ wo èsì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì rí àmì àkọ́kọ́ ẹ́ńsáìmù (ohun tó ń mú iṣẹ́ yá nínú sẹ́ẹ̀lì) tó ń fi lẹ́tà kún tẹ́lómíà. (Mo ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì rí. Kò sí ẹni tó ń pè ọ́, kò sí ẹni tó ń yá ohun èlò rẹ. Kò yà mí lẹ́nu pé ọjọ́ yẹn ni nǹkan ńlá bọ́ sí i.) Tẹlómíréèsì lorúkọ ẹ́ńsáìmù náà. Àwọn méjèèjì àti Jack Szostak ló pín Nobel 2009. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí àtọ̀ ti ń wá, ẹ́ńsáìmù yìí ń ṣiṣẹ́ gan-an. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun tó ń bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì yòókù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀.

Bí tẹ́lómíà bá wá kúrú jù, sẹ́ẹ̀lì á kà á sí ọgbẹ́. Òmíràn á pa ara rẹ̀ run. Òmíràn á dáwọ́ pípín dúró, àmọ́ kò ní kúrò nílẹ̀, á wá máa tú oríṣiríṣi nǹkan jáde tó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká máa wú, kí wọ́n máa gbóná. Ìgbà tí irú wọn bá pọ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti nínú oríkèé ni ọjọ́ ogbó máa ń le fún èèyàn. Tẹ́lómíà kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà dé ibẹ̀, àmọ́ ó wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ eré ìmárale ló kù. Ìwádìí tó kọ́kọ́ mú kí àwọn èèyàn tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́ nípa tẹ́lómíà kò tilẹ̀ dá lórí eré ìmárale. Ní 2004, Elissa Epel àti Blackburn wo àwọn ìyá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́jú ọmọ tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwọn tí ìdààmú ọkàn wọn pọ̀ jù ni tẹ́lómíà wọn kúrú jù, ìyàtọ̀ náà sì tó ohun tí èèyàn ń pàdánù láàárín ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Láti ìgbà yẹn ni àwọn olùwádìí ti ń béèrè pé bí ìdààmú bá ń jẹ ẹ́, kí ni ò ní jẹ́ kó tètè tán?

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 2008, àwọn olùwádìí ní King's College London gbé èsì jáde lórí ìbejì 2,401. Wọ́n bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo ara wọn nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Àwọn tó ń ṣe jù ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 199 lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń ṣe kéré jù, ìṣẹ́jú 16. Tẹ́lómíà àwọn tó ń ṣe jù fi lẹ́tà 200 gùn ju ti àwọn tó ń jókòó. Ìṣirò wọn fi hàn pé bíi lẹ́tà 21 ni èèyàn ń pàdánù lọ́dún. Ẹ pín 200 sí ọ̀nà 21, ẹ ó rí i pé ó sún mọ́ mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé eré ìmárale ń gé ọdún mẹ́wàá kúrò lára èèyàn ti jáde, tí ìpolówó sì ń gbé e kiri títí dòní.

Ohun tí kì í sí nínú ìpolówó ni èyí: láàárín ìbejì, àwọn kan wà tí ọ̀kan nínú wọn ń ṣe eré ìmárale tí ìkejì kì í ṣe é. Àwọn wọ̀nyẹn ni ìdíwọ̀n tó dára jù, torí ilé kan náà ló tọ́ wọn, wọ́n sì jọ pín àbùdá. Láàárín wọn, ìyàtọ̀ náà dín kù sí lẹ́tà 88. Ó ṣì wà, mi ò ní kò sí. Àmọ́ ó dà bíi pé apá tó pọ̀ nínú 200 yẹn jẹ́ ti ilé tí èèyàn ti wá àti irú ìgbé ayé tó ń gbé, kì í ṣe ti bàtà tó fi ń sáré.

Ìṣòro gbogbo ìwádìí tó jẹ́ pé a kàn bi èèyàn léèrè nìyẹn. Ẹni tó ń sáré láràárọ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kì í mu sìgá, tó ń sùn dáadáa, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì fún un láyè. Ó sì tún lè jẹ́ pé òdìkejì rẹ̀ ló rí, pé ẹni tí ara rẹ̀ le láti ìbẹ̀rẹ̀ ló lágbára láti sáré. Larry Tucker ní Yunifásítì Brigham Young ní Amẹ́ríkà ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí àgbàlagbà 5,823, ó sì gbé e jáde ní 2017. Àwọn tó ń ṣe é gan-an, ìyẹn bí ẹni ń sá eré wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 30 tó bá jẹ́ obìnrin, 40 tó bá jẹ́ ọkùnrin, lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ní tẹ́lómíà bíi ti ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án kéré sí àwọn tó ń jókòó. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe é níwọ̀nba kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó ń jókòó. Mo fi èyí han ẹ̀gbọ́n mi, inú wọn kò dùn.

"Ṣé asán ni ìrìn mi, àbí?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n débẹ̀."

Ìwádìí tí èmi ń fetí sí jù ni èyí tí wọ́n ti mú àwọn tí kì í ṣe eré ìmárale, tí wọ́n fi ìbò pín wọn, tí wọ́n ní kí apá kan bẹ̀rẹ̀ kí apá kejì má bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀kan jáde ní 2018, Eli Puterman ló darí rẹ̀. Èèyàn 68 tó ń tọ́jú ará ilé wọn tí iyè rẹ̀ ti ra ni wọ́n wò, àwọn tí ìdààmú pọ̀ lọ́rùn wọn tí wọn kì í sì í rí àyè fún ara wọn. Apá kan ṣe eré ìmárale tó ń múni mí hẹlẹ fún ọ̀sẹ̀ 24, ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀. Tẹ́lómíà wọn gùn ju ti àwọn tó ń dúró de ìgbà tiwọn lọ. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí nítorí àwọn tí wọ́n yàn. Eléré ìje ò sí níbẹ̀, àwọn tí ó rẹ̀ ni.

Èkejì jẹ́ ti Jámánì, Christian Werner àti Ulrich Laufs, ó wà nínú European Heart Journal ní 2019. Èèyàn 124 ló parí rẹ̀ nínú 266 tó bẹ̀rẹ̀ (ẹ ò rí i pé ìdajì ni kò tilẹ̀ dé òpin, ẹni tó ti gbìyànjú eré ìmárale rí kò ní yà lẹ́nu). Oṣù mẹ́fà ni, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àwọn kan ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdúró. Àwọn kan ń sá a kíkankíkan, wọ́n á sì dẹwọ́, wọ́n á tún ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ gbé ohun tó wúwo. Àwọn tó kù ń gbé ìgbé ayé wọn bó ṣe wà. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ń sáré, iṣẹ́ tẹlómíréèsì lọ sókè ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta, tẹ́lómíà sì gùn sí i. Àwọn tó ń gbé ohun wúwo kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Kí ló lè fa èyí? Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá máa ń tú gáàsì kan tó ń jẹ́ nitric oxide jáde, àwọn onímọ̀ ará Jámánì yìí sì rò pé ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ohun mìíràn ni pé lẹ́tà G pọ̀ nínú TTAGGG, G sì ni lẹ́tà tí irú ọ́síjìn tó máa ń ba nǹkan jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tètè ń bà jẹ́ jù. Eré ìmárale máa ń tú irú ọ́síjìn bẹ́ẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, àmọ́ bó bá di àṣà, ara á kọ́ láti máa pa á, agbára tó ní láti pa á á sì ju èyí tí ìsáré ń tú jáde lọ. Wíwú àti gbígbóná tó fara sin nínú ara náà á dín kù, sẹ́ẹ̀lì funfun ò sì ní nílò láti máa pín kíákíá láti dí àlàfo.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹjọ́ tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀. Gbogbo nǹkan tí mo ń sọ látẹ̀yìnwá nípa "tẹ́lómíà èèyàn", tẹ́lómíà sẹ́ẹ̀lì funfun ni. Kò sí ẹni tó lọ gé ọkàn wọn wò. Sẹ́ẹ̀lì funfun kì í sì í ṣe oríṣi kan. Oríṣi pọ̀ nínú rẹ̀, gígùn tẹ́lómíà wọn kò dọ́gba. Bí ẹnìkan bá sáré gun àtẹ̀gùn wá sọ́dọ̀ mi, tí mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, iye sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ á ga ju ti ẹni tó ti jókòó sinmi lọ, oríṣi tó pọ̀ níbẹ̀ á sì yàtọ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí tí mo fi ń ní kí àwọn èèyàn jókòó ná nìyẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá wọn tẹ́lómíà tí wọ́n ní ó ti gùn sí i, ó lè jẹ́ pé kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí tiwọn gùn ló kàn jáde wá pọ̀ sí i. Àwọn ará Jámánì yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n dúró di ọjọ́ méjì sí méje lẹ́yìn eré ìmárale ìkẹyìn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Mo kí wọn fún ìyẹn. Ó dín ìyèméjì mi kù, kò pa á tán.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n náà ní tirẹ̀. Èyí tó rọrùn jù, tó sì yára jù, kì í ka lẹ́tà rárá. Ó máa ń fi iye DNA tẹ́lómíà wé iye DNA apilẹ̀ àbùdá kan, á sì sọ ìpín tó jẹ́. Láti láàbù kan sí òmíràn, láti ọjọ́ kan sí òmíràn, èsì lè fò. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n ń wò, àwọn àṣìṣe kéékèèké yìí á pa ara wọn rẹ́, nǹkan gidi á hàn. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, tó fi itọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tó ń retí pé kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ orí? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, láti inú oyún ni, lè ju ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pàdánù ní ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n tọ́jú owó wọn.

Ẹ wo ti Scott Kelly. Arìnrìn-àjò ojú òfuurufú ni, ó lo ọjọ́ 340 nínú ibùdó òfuurufú láàárín 2015 sí 2016, ìbejì rẹ̀ Mark sì wà nílé ayé. Gbogbo èèyàn ló ń retí pé tẹ́lómíà Scott á kúrú, tí a bá ro ìtànṣán àti wàhálà tó wà lókè yẹn. Ó gùn sí i ni. Susan Bailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado ló wọ̀n ọ́n, ó sì ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu. Nígbà tó padà sí ilẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré, gígùn náà ti pòórá, tẹ́lómíà kúkúrú sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ọkùnrin náà kéré lọ́jọ́ orí lókè ni, tó wá di àgbà láàárín ọjọ́ díẹ̀? Ìwọ̀n tó lè lọ sókè sódò báyìí kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ká tilẹ̀ wá ní a lè mú tẹ́lómíà gùn bí a bá ṣe fẹ́, ṣé ó yẹ ká mú un gùn? Tẹ́lómíà eku láàbù gùn ju tiwa lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ọdún méjì sí mẹ́ta sì ni eku ń lò láyé. Nǹkan bí 85 sí 90 nínú 100 jẹjẹrẹ ló ti tan tẹlómíréèsì padà, torí ohun tí jẹjẹrẹ nílò náà ni pé kó máa pín láìdáwọ́ dúró. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ìdílé tí àyípadà wà nínú apilẹ̀ àbùdá wọn kan tó ń jẹ́ POT1, tí tẹ́lómíà wọn sì gùn gan-an. Wọn kò rí ọ̀dọ́ àìnípẹ̀kun. Kókó ara ni wọ́n rí, èyí tó le àti èyí tí kò le, àti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ láàárín àwọn kan. Èyí tó kúrú jù náà burú. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní dyskeratosis congenita, tẹ́lómíà tó kúrú láti kékeré ló ń fà á, mùdùnmúdùn eegun àwọn tó ní in kì í lè bí ẹ̀jẹ̀ tó. Ara fi ìwọ̀n sí i nítorí ìdí kan. Ìdí nìyí tí ara mi fi máa ń bù máṣọ bí mo bá rí ògùn oníhóró tí wọ́n ní ó ń mú tẹ́lómíà gùn. Ti eré ìmárale kò dẹ́rù bà mí, torí ohun tó ń ṣe kéré, àwọn tó ń ṣe é déédéé sì ni jẹjẹrẹ ìfun àti ti ọmú kì í fi bẹ́ẹ̀ mú.

Ẹ̀gbọ́n mi ka gbogbo èyí, wọ́n ní: "Èyí ò wá dáhùn ìbéèrè mi. Kí n máa rìn ni àbí kí n jókòó?"

Kí wọ́n máa rìn ni. Kò sí ẹni tó nílò tẹ́lómíà láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London wé àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì kan náà. Awakọ̀ ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, láìdúró. Àwọn awakọ̀ ni àrùn ọkàn ń mú jù, òun ló sì ń tètè pa wọ́n jù. Ọdún yẹn gan-an ni Watson àti Crick ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwòrán DNA jáde. Kò tíì sí ẹni tó mọ lẹ́tà tó wà ní ìparí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rí tó wà pé ìrìn kánmọ́kánmọ́ ń dín ìfúnpá gíga, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn kù ti pọ̀ débi pé tẹ́lómíà, tó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pátápátá, ẹ̀yìn ló ń tò sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 èyí tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí 75 sí 150 èyí tó le. Ìrìn ẹ̀gbọ́n mi ti kọjá ìyẹn.

Ohun tí wọn kò ṣe ni gbígbé ohun wúwo, wọ́n sì ti fẹ́ fi ìwádìí Jámánì yẹn dá ara wọn láre. "Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ pé kò ṣe nǹkan kan sí tẹ́lómíà." Mo kọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Fọ́nrán iṣan itan kì í pín bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀, èsì rere tó bá sì ṣẹlẹ̀ nínú itan kò pọn dandan kó hàn nínú ìgò tí mo fa ẹ̀jẹ̀ sí. Iṣan yìí ló ń gbé èèyàn dìde lórí àga, òun ni kì í jẹ́ kó ṣubú nígbà tó bá kọsẹ̀, ó sì ń joro lọ́dọọdún bí a kò bá fi nǹkan wúwo dán an wò. Àjọ kan náà ní kí èèyàn fún iṣan lágbára lọ́jọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí ẹni tó ti lé ní 65 sì fi ti ìdúróṣinṣin ara kún un. A ti jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àga ìjókòó lásán: kí wọ́n ká ọwọ́ láyà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún dìde, títí itan á fi máa ta wọ́n. Wọ́n ní ó le ju ìrìn lọ. Ó le lóòótọ́, èmi náà máa ń ráhùn bí a bá ń ṣe é.